Igi àti Kòkòrò: Àjùmọ̀ṣe Tí Àyípadà Àyíká Ń Tú Ká

 

Ọ̀rọ̀ tí a ó jọ gbé yẹ̀ wò lónìí kì í ṣe èyí tí a sábà máa ń gbọ́ lẹ́nu àlùfáà. Ọ̀rọ̀ nípa igi ni, àti nípa kòkòrò. Ohun tí mo fẹ́ kí ó yé wa kò ju ọ̀kan lọ. Púpọ̀ nínú igi tí a ń jẹ èso wọn kò lè dá so. Kòkòrò kan ń bẹ tí ó ń bá wọn ṣe é. Nígbà tí àyíká wọn bá yí padà, ìbáà ṣe nípa ooru tí ó pọ̀ jù, tàbí òjò tí kò rọ̀ lásìkò, tàbí iná àti àáké àwa ènìyàn, àjùmọ̀ṣe àwọn méjèèjì yìí ni ó kọ́kọ́ ń bàjẹ́. Igi lè wà lórí ìdúró, kòkòrò náà sì lè má tíì tán pátápátá, síbẹ̀ kí èso má sí.

Ọ̀PẸ TÍ A GBÉ LỌ LÁÌMÚ KÒKÒRÒ RẸ̀

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí igi tí gbogbo wa mọ̀, èyíinì ni ọ̀pẹ. Ilẹ̀ Áfíríkà wa níhìn-ín ni ilé rẹ̀. Ní ọdún 1848, àwọn ará Hóláǹdì gbin ọ̀pẹ mẹ́rin sínú ọgbà ewéko kan ní Bogor, ní erékùṣù Java, nínú ilẹ̀ tí a ń pè ní Indonéṣíà lónìí. Irú ọ̀pẹ náà tàn káàkiri títí dé Màléṣíà, níbi tí wọ́n ti dá oko ọ̀pẹ ńlá àkọ́kọ́ fún òwò sílẹ̀ ní ọdún 1917. Ọ̀pẹ náà dàgbà, ó sì yọ òdòdó, ṣùgbọ́n kò so tó bí ó ti yẹ. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn olóko fi ń gba òṣìṣẹ́ tí ń ti ìdí ọ̀pẹ kan bọ́ sí ìdí òmíràn, tí wọ́n ń fi ọwọ́ gbé lẹ́búlẹ́bú inú òdòdó akọ lọ sí ara òdòdó abo. Ìnáwó ńlá ni èyí jẹ́ fún wọn.

Èrò ọ̀pọ̀ ènìyàn nígbà náà ni pé afẹ́fẹ́ ni ó ń gbé lẹ́búlẹ́bú ọ̀pẹ kiri. Nígbà tí àwọn onímọ̀ wá yẹ ọ̀pẹ wò fínnífínní ní Kamẹrúùnù, ní ilé rẹ̀ gan-an, wọ́n rí i pé kòkòrò kékeré kan, tí ẹnu rẹ̀ gùn jáde bí imú, ni ó ń ṣe iṣẹ́ náà. Ara òdòdó akọ ni kòkòrò yìí ti ń jẹun, ibẹ̀ ni ó ń yé sí, ibẹ̀ ni ó sì ti ń tọ́ ọmọ rẹ̀. Òdòdó abo kò ní oúnjẹ kankan fún un, ṣùgbọ́n òórùn rẹ̀ jọ ti akọ. Òórùn yìí a tan kòkòrò náà wá, lẹ́búlẹ́bú tí ó lẹ̀ mọ́ ọn lára a sì bọ́ sí ibi tí ọ̀pẹ ti nílò rẹ̀. Ní ọdún 1981, wọ́n kó kòkòrò yìí láti Kamẹrúùnù lọ sí Màléṣíà, wọ́n sì tú u sílẹ̀ nínú oko. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí ìdì ẹyìn fi kún ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, iṣẹ́ àwọn tí ń fi ọwọ́ gbé lẹ́búlẹ́bú sì parí.

Ẹ kíyè sí ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú ìtàn yìí. Òjò kò wọ́n ọ̀pẹ náà, àwọn olóko sì ń tọ́jú rẹ̀. Alábàáṣe rẹ̀ ni kò sí nítòsí. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pẹ nítorí pé a gbé e kúrò nílé, ó lè ṣẹlẹ̀ sí igi tí kò kúrò nílé rárá, bí a bá lé kòkòrò rẹ̀ lọ. Èyí gan-an ni ó ń dojú kọ igi kan tí ó wà láàrin wa níhìn-ín.

IGI ÒRÍ ÀTI OYIN

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ní agbègbè Mìnà, Bídà àti Kòǹtàgórà, títí dé Kàdúná, ẹ mọ igi òrí dáadáa, àní bí ẹ kò tilẹ̀ dá oko. Àwọn àgbà wa tún ń pè é ní igi emi. Àwọn Hausa ń pè é ní kadanya. Igi yìí kì í kánjú. Ó máa ń tó ọdún 15 sí 20 kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í so, ó sì lè lo ju ọdún 200 lọ lórí ilẹ̀. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn ni kò sí ẹni tí ó gbìn wọ́n. Nígbà tí àwọn àgbẹ̀ àtijọ́ bá ń ṣán oko, wọn a dá igi òrí sí, wọn a sì gbin ọkà sábẹ́ rẹ̀. Àwọn obìnrin ni ń ṣa èso rẹ̀, tí wọ́n ń sè é, tí wọ́n ń sá a, tí wọ́n ń fọ́ ọ, tí wọ́n ń lọ̀ ọ́, tí wọ́n sì ń pò ó nínú omi títí òrí yóò fi yọ. Owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ púpọ̀ ni ó ti inú igbá òrí jáde.

Orílẹ̀-èdè wa ni ó ń mú èso òrí jáde jù lọ ní gbogbo àgbáyé. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2025, Ìjọba Àpapọ̀ fi òfin de kíkó èso òrí tí a kò tíì ṣiṣẹ́ lé lórí jáde kúrò nílẹ̀ wa fún oṣù mẹ́fà, kí àwọn ilé-iṣẹ́ abẹ́lé lè rí i lò. Irú òfin bẹ́ẹ̀ lè mú kí owó dúró nílé, ṣùgbọ́n kò sí òfin tí ó lè pàṣẹ fún igi pé kí ó so.

Kí ni ó ń mú igi òrí so? Nínú ẹ̀ẹ̀rùn, láàrin oṣù Kejìlá sí oṣù Kẹta, nígbà tí ewé rẹ̀ bá ti wọ́ dànù, ni ó máa ń yọ òdòdó. Òdòdó náà a máa ta sánsán, omi dídùn a sì máa wà nínú rẹ̀. Oyin ni ó ń wá a wá jù lọ: kòkòrò oyin tí gbogbo wa mọ̀, àti àwọn oyin kéékèèké tí kì í ta ènìyàn. Ní Burkina Faso àti ní Mali, àwọn olùwádìí fi àpò bo àwọn òdòdó kan lórí igi òrí kí kòkòrò má baà dé ibẹ̀, wọ́n sì fi àwọn mìíràn sílẹ̀ láìbò. Èso tí ó jáde lára àwọn tí a bò kéré gan-an sí ti àwọn tí a kò bò. Igi kan náà ni, ilẹ̀ kan náà ni, òjò kan náà ni ó rọ̀ sórí wọn. Àìrí kòkòrò ni ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀.

Oyin ńlá lè fò jìnnà láti igi kan dé igi mìíràn. Oyin kékeré kì í lọ jìnnà sí ilé rẹ̀, ṣùgbọ́n òun náà a máa fi sùúrù tọ òdòdó tí ó wà nítòsí rẹ̀. Àwọn baba wa ti sọ ọ́ pé ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò sì wọ akèrègbè. Igi òrí nílò àwọn méjèèjì.

BÍ OYIN ṢE Ń KÚRÒ NÍDÌÍ IGI

Ẹ jẹ́ kí a bi ara wa pé kí ni oyin ń jẹ nínú oṣù tí igi òrí kò ní òdòdó. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni òdòdó òrí ń lò, bẹ́ẹ̀ ni oyin ní láti jẹun ní gbogbo ọdún. Àwọn igi mìíràn, àwọn igbó kéékèèké etí oko, àti ewéko orí ilẹ̀ tí a fi sílẹ̀ kí ó sinmi ni ó ń bọ́ oyin títí igi òrí yóò fi tún tanná. Láyé àtijọ́, àgbẹ̀ a máa fi oko sílẹ̀ fún ọdún díẹ̀ kí ilẹ̀ lè gba agbára. Nísinsìnyí tí ènìyàn ti pọ̀ tí ilẹ̀ sì ti dín, a ń ro ilẹ̀ kan náà lọ́dọọdún. Igi òrí ni a dá sí, ṣùgbọ́n gbogbo igbó kéékèèké tí ó yí i ká ni a ti ro dànù. Ìwádìí mìíràn ní Burkina Faso fi hàn pé níbi tí oríṣiríṣi igi àti igbó kéékèèké bá ti wà yí igi òrí ká, iṣẹ́ tí kòkòrò ń ṣe lórí òdòdó rẹ̀ dára ju ibi tí ilẹ̀ ti ṣófo lọ. Igi kan kì í dá igbó ṣe; bẹ́ẹ̀ ni igi kan kò lè dá bọ́ oyin.

Ẹ̀ẹ̀kejì ni ọ̀rọ̀ ilé. Inú ihò ara igi tí ó ti dàgbà ni ọ̀pọ̀ oyin ń gbé. Àwọn igi ńlá wọ̀nyí ni a ń gé lulẹ̀ láti sun èédú, igi òrí pàápàá kò sì yọ sílẹ̀ nínú rẹ̀. Iná tí a ń fi sí ọ̀dàn nínú ẹ̀ẹ̀rùn ń jó ilé oyin, ó sì ń jó òdòdó ní àkókò tí igi òrí ń tanná gan-an. Lẹ́yìn èyí ni oògùn apakòkòrò tí a ń fọ́n láìwo ìgbà. Oògùn náà kò mọ ọ̀tá yàtọ̀ sí ọ̀rẹ́.

Ẹ̀ẹ̀kẹta ni ooru. Ní ọdún 2024, ìgbóná ayé ga ju ti ayé ìgbà tí ẹ̀rọ ńláńlá kò tíì gbòde lọ ní nǹkan bí ìwọ̀n 1.5 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì, kò sì sí ọdún tí a tíì wọ̀n tí ó gbóná tó o. Bí ooru bá mú jù, omi dídùn inú òdòdó a dín kù. Oyin tí ì bá máa tọ òdòdó kiri a wá fi àkókò rẹ̀ pọn omi lọ sílé, nítorí omi ni ó fi ń mú kí ilé rẹ̀ tutù kí ọmọ inú rẹ̀ má baà kú. Èéfín ọkọ̀ náà ní ibi tirẹ̀. Àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Southampton, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi hàn ní ọdún 2013 pé èéfín epo dísù a máa ba òórùn òdòdó jẹ́ nínú afẹ́fẹ́, tó bẹ́ẹ̀ tí oyin kò fi ní tètè dá a mọ̀ mọ́. Òdòdó ń pè, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò dé etí ẹni tí ó ń pè.

KÒKÒRÒ TÍ Ń JẸ EWÉ

Kì í ṣe oyin nìkan ni ó bá igi òrí dá májẹ̀mú. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbé ní Kwara tàbí láàrin àwọn Núpé yóò ti rí kanni lọ́jà, kòkòrò ajẹwé tí a ń bọ̀, tí a ń sá gbẹ, tí a sì ń fi se ọbẹ̀. Àfòpiná ńlá kan ni ìyá rẹ̀, orí igi òrí ni ó sì ń yé sí. Nígbà tí òjò bá ti fìdí múlẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ a jẹ ewé igi náà, nígbà mìíràn títí igi yóò fi dà bí èyí tí ó ti kú. Lẹ́yìn náà, wọn a sọ̀ kalẹ̀ wọ inú ilẹ̀, wọn a para dà níbẹ̀, wọn a sì dúró de òjò ọdún tí ń bọ̀. Igi náà a tún rúwé. Ìgbẹ́ tí wọ́n yà sílẹ̀ a di ajílẹ̀ fún ọkà tí ó wà lábẹ́ igi. Àgbẹ̀ tí kò mọ̀ lè fọ́n oògùn sí wọn, kí ó sì rò pé òun gba igi là. Bẹ́ẹ̀ ni oúnjẹ ọmọ ènìyàn àti ajílẹ̀ ọ̀fẹ́ ni ó pa.

Òjò ni kanni fi ń mọ àsìkò. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá tàn án jáde kúrò nínú ilẹ̀, tí ọ̀dá sì tẹ̀lé e, ó lè bá igi lórí àìsetán. Ibí yìí ni ọ̀kan nínú ewu tí ó ga jù lọ wà. Ohun tí igi ń wò kí ó tó tanná tàbí kí ó tó rúwé lè yàtọ̀ sí ohun tí kòkòrò ń wò kí ó tó jáde. Ọ̀kan lè máa wo òjò, kí èkejì máa wo ooru. Láti ọdún pípẹ́ ni ìgbà àwọn méjèèjì ti ń bá ara mu. Bí òjò bá wá ń pẹ́ tí ooru sì ń yá, àwọn ọ̀rẹ́ méjèèjì yóò dé ibi àdéhùn ní ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Ẹ má ṣe rò pé gbogbo kòkòrò ni ìyípadà yìí ń pa lára. Ó ń ran àwọn mìíràn lọ́wọ́. Ooru a máa mú kí púpọ̀ nínú àwọn kòkòrò abàrájẹ́ tètè dàgbà, kí wọ́n sì tètè bí ọmọ. Afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù inú òfuurufú náà ti pọ̀ sí i. Ìdá 280 ni nínú mílíọ̀nù kan láyé àtijọ́, ó sì ti kọjá 420 báyìí. Ewé tí ó hù nínú irú afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀ sábà máa ń ní ìwọ̀nba èròjà amúnidàgbà, nítorí náà kòkòrò a jẹ púpọ̀ sí i kí ó tó yó. Láti ọdún 2016 ni kòkòrò ajàgbàdo kan tí ó ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà wá ti wọ Nàìjíríà, ilẹ̀ gbígbóná sì bá a lára mu. Báyìí ni àyípadà ṣe ń lé ọ̀rẹ́ lọ, tí ó sì ń ṣí ilẹ̀kùn fún ọ̀tá.

KÒKÓ TÍ Ó WÀ NÍLÉ

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín ní oko kòkó tí àwọn òbí fi sílẹ̀ ní Oǹdó, ní Ọ̀ṣun tàbí ní Èkìtì, tí alágbàṣe sì ń bá yín mójú tó. Ọ̀rọ̀ yìí kàn yín pẹ̀lú. Òdòdó kòkó kéré, ara igi ni ó sì ti ń yọ. Kùtùkùtù òwúrọ̀ ni ó ń là. Bí kò bá sì rí lẹ́búlẹ́bú gbà láàrin nǹkan bí ọjọ́ méjì, ó ti rẹ̀ dànù nìyẹn. Nínú ọgọ́rùn-ún òdòdó, èyí tí yóò di kòkó tí ó gbó kì í sábà ju márùn-ún lọ. Kòkòrò bíńtín kan, tí kò tó orí abẹ́rẹ́ nígbà mìíràn, ni ó ń ṣe iṣẹ́ náà. Inú ewé tí ó ń jẹrà, ìtí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ó ń rà, àti èèpo kòkó tí ó tutù ni ó ń yé sí.

Ẹ wá wò ó báyìí. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá gùn, tí igi ńlá tí ń ṣíji bo oko bá ti di pákó, ilẹ̀ abẹ́ kòkó a gbẹ, ibi tí kòkòrò yìí ń bí ọmọ sí a sì parun. Bí alágbàṣe bá gbá gbogbo ewé kúrò tí ó sì sun wọ́n, nítorí kí oko lè mọ́ lójú olówó rẹ̀, òun náà ti fi ìgbálẹ̀ gbá èso ọdún tí ń bọ̀ dànù.

KÍ NI KÍ A ṢE?

Ìwé Jẹ́nẹ́sísì, ní orí kejì, ẹsẹ 15, sọ fún wa pé Ọlọ́run fi ènìyàn sínú ọgbà láti máa ro ó àti láti máa ṣọ́ ọ. Iṣẹ́ méjì ni. Ríro ni a mọ̀ ọ́n ṣe. Ṣíṣọ́ ni a pa tì. Póòpù Jòhánù Pọ́ọ̀lù Kejì fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe iṣẹ́ tí ó rán sí gbogbo ayé fún Ọjọ́ Àlàáfíà ní ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 1990, ó sì so àlàáfíà pẹ̀lú Ọlọ́run Ẹlẹ́dàá pọ̀ mọ́ àlàáfíà pẹ̀lú gbogbo ẹ̀dá. Póòpù Fransísì tún gbé e dìde nínú ìwé Laudato Si' ní ọdún 2015. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ oyin àti ọ̀rọ̀ kanni kò jìnnà sí ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́.

Ẹni tí ó ní oko nínú wa, kí ó fi igbó díẹ̀ sílẹ̀ létí oko, kí ó sì fi igi ṣe àmì yí ọmọ igi òrí tí ó bá hù fúnra rẹ̀ ká, kí ọkọ́ má baà gé e. Bí oògùn bá di dandan, kí ó yẹra fún àkókò tí òdòdó là, kí ó sì jẹ́ ìrọ̀lẹ́, nígbà tí oyin ti wọlé. Ẹni tí ó ń wá oyin, kí ó gbé ilé oyin kọ́, kí ó má ṣe fi iná jó igi torí àfárá kan. Ẹni tí ó ní kòkó nílé, kí ó sọ fún alágbàṣe pé kí ó jẹ́ kí ewé gbígbẹ àti ìtí ọ̀gẹ̀dẹ̀ jẹrà lábẹ́ igi. Èèpo kòkó tí àrùn ti bà jẹ́ nìkan ni kí a kó jáde. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ìgboro, ẹ bèèrè irú igi tí wọ́n fi sun èédú tí ẹ ń rà. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ ìyá, ẹ̀yin tí ẹ ń ra òrí lọ́wọ́ àwọn obìnrin abúlé, ẹ bá wọn sọ ọ̀rọ̀ yìí pẹ̀lú. Ọwọ́ wọn ni igi náà wà.

Igi òrí tí a bá gé lónìí, ẹni tí ó bá gbin òmíràn rọ́pò rẹ̀ yóò dúró tó ọdún 15 kí ó tó rí èso. Ṣùgbọ́n bí igi bá ṣì wà, tí ó sì jẹ́ pé oyin ni ó kọ̀ ọ́ sílẹ̀, a lè pe oyin padà láàrin ọdún díẹ̀, bí a bá fún un ní òdòdó, ibùgbé àti ìsinmi. Àkókò àtúnṣe ṣì wà nìyẹn, ẹ má sì jẹ́ kí ó kọjá.

Kí Ọlọ́run tí ó dá igi àti kòkòrò, tí ó sì fi wọ́n lé wa lọ́wọ́, fún wa ní ọgbọ́n láti ṣọ́ wọn. Kí ó bùkún oko yín nílé àti iṣẹ́ yín lẹ́yìn odi, ní orúkọ Baba, àti ti Ọmọ, àti ti Ẹ̀mí Mímọ́. Àmín.